Ẹ̀gbá ni Ìgwé Yẹn

Ẹ̀gbá ni. Ẹ̀gbá pọ́ńbélé. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò lè borí mi. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi ti bá mi fà á títí, wọ́n ní Onitsha ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí, wọ́n ní àwọn tiẹ̀ mọ ẹni tó mọ agboolé baba rẹ̀. Mo ní ẹ̀yin Ìyá Ẹlẹ́kọ, ṣé ẹ̀kọ lẹ wá ń tà ládùúgbò yìí ni àbí irọ́? Wọ́n ní ṣé mi ò rí fìlà pupa lórí ọkùnrin náà ni, ṣé mi ò rí ìyẹ́ idì tí wọ́n kì bọ̀ ọ́, ṣé mi ò rí bí àwọn ìjòyè ṣe ń na ẹ̀ṣẹ́ sókè tí wọ́n ń ké "Ìgwé! Ìgwé!" bí Ìgbò ṣe ń kí ọba wọn? Mo ní mo rí i. Ojú mi méjèèjì báyìí ni mo fi rí i. Ṣùgbọ́n Olú Jacobs tí ẹ ń wò nínú sinimá yẹn, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Olúdọ̀tun Báyéwù ni wọ́n sọ wọ́n nílé. Báyéwù! Ẹ pè é sókè kí n gbọ́. Ṣé ó jọ orúkọ ará Onitsha létí yín?

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ n wẹ ara mi mọ́ díẹ̀. Mo mọ̀ pé àmẹ́bọ̀ lẹ ń pè mí lẹ́yìn nínú ilé yìí. Kò bí mi nínú. Ẹni tó bá gbọ́njú wo Village Headmaster kì í ka ìyẹn sí èébú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Ní 1968 ni eré yẹn bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ọjà ni gbogbo wàhálà rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì wà lójú amóhùnmáwòrán títí di apá ìparí àwọn ọdún 1980. Ìbídùn Allison ló ṣe Amebo níbẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kan ò lè sùn nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ṣe é, ó ṣe é, títí gbogbo Nàìjíríà, àti Hausa àti Ìgbò, fi gba orúkọ yẹn lò fún irú àwa yìí. Mélòó nínú yín ló rántí Ìbídùn Allison? Ẹ wò ó! Amebo nìkan lẹ rántí. Dejumo Lewis tó ṣe Kábíyèsí nínú eré kan náà, ó kú ní 2023, èmi mọ ẹni tó gbọ́ ìròyìn náà tó ní, "Áà, Kábíyèsí ti wàjà," kò mọ orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́. Iṣẹ́ tíátà nìyẹn. Ó lè fún èèyàn lórúkọ tí ò ní bọ́ lára rẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Olú Jacobs náà nìyẹn, àfi pé tiwọn tún lágbára jù, torí tiwọn gba ìlú lọ́wọ́ wọn mọ́ orúkọ.

Ó yá, ẹ fún mi ní àpótí yẹn kí n jókòó.

Abẹ́òkúta ni ìyá àti bàbá Olú Jacobs ti wá, ṣùgbọ́n Kánò ni wọ́n bí ọmọ sí, ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 1942. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yín. Kí ni Ẹ̀gbá ń wá ní Kánò? Ẹ̀yin èèyàn mi, rélùwéè! Láti nǹkan bí 1912 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra l'Ékòó tó ń dé Kánò, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ Yorùbá gbà gòkè lọ nìyẹn. Akọ̀wé lọ, télọ̀ lọ, tíṣà lọ, àwọn oníṣòwò obì ò gbẹ́yìn. Sábọ̀n Gàrí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí àlejò máa gbé. Níbẹ̀ ni Yorùbá àti Ìgbò ti ń gbé ojúlé kan náà, tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan náà. Mo máa ń rò ó pé ọmọ tó bá dàgbà nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á ti rí oríṣiríṣi èèyàn, etí rẹ̀ á ti gbọ́ oríṣiríṣi ohùn, kò sí bí kò ṣe ní mọ ènìyàn-án sín jẹ. Ẹ jẹ́ n máa pè wọ́n ní "ó" níbi tí wọ́n ti wà lọ́mọdé yìí o. Tí wọ́n bá ti dàgbà, mo máa padà sí "wọ́n", kí ẹnì kankan má lọ sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Holy Trinity School ló lọ ní Kánò. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àríyànjiyàn, ó tún wà nínú ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa la ṣe Jósẹ́fù tàbí Màríà lọ́jọ́ Kérésì rí tí a ò sì di nǹkan kan. Hubert Ògúndé ló dé.

Ẹ mọ Ògúndé àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ògúndé ará Òṣóṣà ní Ìjẹ̀bú, tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí tíátà. Àwọn òyìnbó ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ó gbé eré jáde lórí ìyanṣẹ́lódì 1945, ó pè é ní Strike and Hunger. Nígbà tí òyìnbó lọ tán, àwa ara wa náà ò tún nífẹ̀ẹ́ rẹ̀: Yorùbá Ronú tó ṣe ní 1964, ìjọba Wẹ́stàn Ríjọ̀n gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má ṣeré níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ṣójà gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ti àwọn ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Háà, ẹ̀yin lẹ bi mí o! Àwọn obìnrin tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń jó tí a ṣe ń kọrin tán, ọkọ á gbé wọn lọ, ẹgbẹ́ á sì dà rú. Ògúndé bá kúkú ń fẹ́ wọn fúnra rẹ̀. Tí òṣèré bá ti di ìyàwó ilé, ibo ni yóò tún kó lọ? Ìyá Ẹlẹ́kọ ní ìwà àgbèrè ni. Mo ní rárá o, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni.

Ọkùnrin yẹn máa ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò káàkiri, dé Jọ́ọ̀sì, dé Kánò. Tí wọ́n bá dé Kánò, òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Colonial Hotel ni wọ́n ti ń ṣeré. Ẹ fojú inú wò ó: orin ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "glee", sasofóònù ń ké, ọmọge tó tó mẹ́fà mẹ́jọ ń jó wọlé lẹ́sẹ lẹ́sẹ, aṣọ ń kọ mọ̀nà nínú iná, Yorùbá tí ò tíì délé láti ọdún mélòó kan wá ń gbọ́ èdè wọn lórí ìtàgé láàárín ilẹ̀ Hausa. Ọmọ Jacobs rí i. Ó sì pinnu níbẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun máa ṣe nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́, kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ ọn.

Ó dáa. Wọ́n ti dàgbà báyìí o, mo ti padà sí "wọ́n".

London ni wọ́n kọrí sí. RADA, ilé ẹ̀kọ́ tíátà tó wà lábẹ́ àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1904, níbi tí àwọn òyìnbó tó ń ṣe Shakespeare ti ń kọ́ṣẹ́. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé bí a ṣe ń sunkún ni. Bí a ṣe ń mí ni! Bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń fi idà jà láì gún ọ̀rẹ́ ẹni, bí ohùn ṣe ń ti ikùn jáde tí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá á fi gbọ́ ọ láì jẹ́ pé èèyàn pariwo. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ohùn yìí. Mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Wọ́n parí ilé ìwé, iṣẹ́ wá kù. Lọ́dún 1970 sókè yẹn, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣeré lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Tí eré bá nílò aṣojú ìjọba láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí kò sí lórí máàpù, wọ́n á pe aláwọ̀ dúdú. Tí eré bá nílò ọ̀gágun tó fẹ́ gbàjọba, wọ́n á pè é. Tí ó bá nílò ẹni tí Alf Garnett máa bú, wọ́n á pè é. Ẹ ò mọ Alf Garnett? Bàbá arúgbó òyìnbó kan ni, Warren Mitchell ló ń ṣe é nínú Till Death Us Do Part. Ẹnu rẹ̀ burú ju ẹnu onímọ́tò lọ, kò sí ẹ̀yà tí kì í bú, ẹni tó kọ eré náà sì ní Alf gan-an lòun ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan tó ń wò ó nílé ò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Olú Jacobs ṣe nínú eré yẹn. Wọ́n ṣe nínú The Goodies, wọ́n ṣe nínú Barlow at Large, wọ́n ṣe nínú Angels tó jẹ́ eré àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ṣe nínú The Professionals tí ìbọn ń ró nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ níhìn-ín, ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn náà wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ní London, bíi Yẹmí Ajíbádé ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń du bí wọ́n ṣe máa rí ìlà méjì sọ.

Brọ̀dá Oníbátìrì ní ó sàn bẹ́ẹ̀, ó kéré tán wọ́n wà ní London. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ẹni tí wọ́n kọ́ kó lè ṣe Ọba Lear, kí ẹ wá ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ charge bátìrì yín.

Sinimá ńlá wá pè wọ́n. The Dogs of War, 1980, Christopher Walken ni ọ̀gá nínú rẹ̀, àwọn òyìnbó jagunjagun tí wọ́n gba owó láti lọ dojú ìjọba kan bolẹ̀ ní Áfíríkà. Zangaro lórúkọ ìlú náà. Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri, kò sí níbì kankan, Belize ni wọ́n ti ya á. Kí ni wọ́n fi Olú Jacobs ṣe nínú rẹ̀? Kọ́sítọ̀ọ̀mù! Wọ́n gbé ọmọ RADA sẹ́nu bọ́dà kó máa yẹ báàgì wò. Ẹni tó ń ta páátì mọ́tò ní iwájú ilé wa, ọmọ Ìgbò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nígbà tí mo sọ ìyẹn fún un. Ó ní tó bá jẹ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù gidi ni, wọn ì bá ti lówó ju gbogbo àwọn tó wà nínú sinimá náà lọ.

Ní 1985 wọ́n ṣe Baby: Secret of the Lost Legend. Àwọn òyìnbó kan wá ẹranko ayé àtijọ́ lọ sínú igbó Áfíríkà, wọ́n rí ọmọ rẹ̀ kan tó ga ju màlúù lọ, wọ́n sì ń sá kiri pẹ̀lú rẹ̀. Ivory Coast ni wọ́n ti ya á. Olú Jacobs ni ọ̀gágun burúkú tó ń lé wọn, Colonel Nsogbu. Ẹ rí i! Láti ìgbà yẹn ni orúkọ Ìgbò ti ń lé wọn bọ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, Pirates, Roman Polanski ló darí rẹ̀, Walter Matthau ni ọ̀gá olè ojú omi tó fi igi ṣe ẹsẹ̀, Olú Jacobs sì ni Boomako. Owó tí wọ́n ná sórí rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 40 dọ́là. Wọ́n kan odidi ọkọ̀ ojú omi ńlá kan nítorí eré náà. Owó náà wọnú òkun lọ. Ọkọ̀ náà ò rì ní tirẹ̀, wọ́n so ó mọ́ èbúté Genoa ní Ítálì, àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó láti gun orí rẹ̀ ya fọ́tò. Mo ní tí Ọlọ́run bá fún mi ní físà lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lọ, kí n dúró síbi tí Ẹ̀gbá kan ti ṣe olè ojú omi.

Mo ti fo ọ̀rọ̀ ìfẹ́! Èmi, àmẹ́bọ̀, mo fo ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹ jẹ́ á padà sí 1981.

Nàìjíríà ń ṣe ọdún mọ́kànlélógún òmìnira, wọ́n fẹ́ ṣeré ní Gbọ̀ngàn Tíátà ní Ìgànmú, ilé tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC yẹn, tó dà bí fìlà ṣójà láti òkèèrè. Wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò eré Ṣóyínká kan, Jero's Metamorphosis. Ọmọge kan wọlé. Ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni, Jọkẹ́ Silva lórúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, dókítà ni ìyá rẹ̀. Olú Jacobs ti tó nǹkan bí mọ́kàndínlógójì, àgbà ọkùnrin tó ti London dé. Wọ́n wo ọmọ yìí báyìí, wọ́n sì sọ ọ́ sójútáyé pé ẹni tí àwọn máa fẹ́ nìyí. Lójú gbogbo èèyàn! Wọn ò tíì bi í léèrè orúkọ dáadáa. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin àdúgbò wa ló ṣe bẹ́ẹ̀ ni, a ó ní ó ti muti yó. Ọmọge náà ò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn bẹ́ẹ̀ o, ọdún gorí ọdún kí ọ̀rọ̀ tó di ìgbéyàwó. Bí wọ́n ṣe wá di tọkọtaya tí gbogbo òṣèré Nàìjíríà fi ń ṣe àwòkọ́ṣe nìyẹn, wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Lufodo sílẹ̀, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ tíátà mọ́ ọn. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní ọdún mọ́kàndínlógún tó wà láàárín wọn ti pọ̀ jù. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bá ọkọ yín jìjà orí owó ẹ̀kọ, ọdún mélòó ló wà láàárín yín?

Ẹ jẹ́ á dé orí ìtẹ́ Ìgwé báyìí, ibẹ̀ lẹ ti ń dúró dè mí.

Ní 1992 ni sinimá Living in Bondage jáde, kásẹ́ẹ̀tì fídíò sì kún ìgboro. Ó dé Ìdúmọ̀tà, ó dé Onitsha, ó dé Aba. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn sinimá abúlé wá gbòde: ọba, olorì tó ń ṣe ìlara, ọmọ ọba tó fẹ́ràn ọmọ tálákà, dìbíà tó ń fi ẹyin sọ̀rọ̀. Ní Enugu àti Asaba ni wọ́n ti ń ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ń fowó sí i jẹ́ oníṣòwò, wọn ò ní àkókò àfiṣòfò. Wọ́n nílò ẹni tó máa dé lówùúrọ̀, tí wọ́n máa dé ní fìlà, tó máa jókòó, tó sì máa di ọba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ta ni ó kù? Pete Edochie, ọmọ Ìgbò gidi, ẹni tó ṣe Okonkwo nígbà tí NTA gbé Things Fall Apart sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1987. Àti Olú Jacobs.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ ti rí i rí, ṣùgbọ́n ẹ ò wò ó dáadáa. Ìránṣẹ́ sáré wọlé, ó wólẹ̀, ó ní ọmọ ọba ti fi ààfin sílẹ̀ tẹ̀lé ọmọ ẹrú. Àwọn ìjòyè fò dìde, ẹni ń ké, ẹni ń na ọ̀pá, olorì káwọ́ lérí. Ìgwé ńkọ́? Kò mira. Ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ó wo ilẹ̀. Ó mí sí imú, ẹ ó rí i tí ìlẹ̀kẹ̀ àyà rẹ̀ gbéra díẹ̀ tó tún balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ojú sókè wo ìránṣẹ́ náà, ohùn tó wá jáde kò ju ohùn ẹni tó ń bèèrè omi lọ, síbẹ̀ gbogbo ààfin dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn RADA tí mo ní kí ẹ rántí nìyẹn! Ọba tó bá ń pariwo, ó ń bẹ̀rù ni. Èyí tó ń rọra sọ̀rọ̀, òun ni kí ẹ sá fún. Ẹ wo àwọn Ìgwé mìíràn, àwọn tó ti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin ń jágbe mọ́ olorì. Ẹ ó mọ̀ pé fìlà yẹn, wọ́n yá a ni.

Àwọn Ìgwé yẹn ò sì rí bákan náà, èyí ló ń dùn mọ́ mi jù. Ààfin kan náà ni, àga aláwọ̀ wúrà kan náà ni, awọ ẹkùn kan náà tí ojú rẹ̀ ti já ni, mo lè fi ẹ̀mí mi búra pé ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan á jẹ́ bàbá rere tí àwọn ìjòyè ń rẹ́ jẹ, ọ̀kan á jẹ́ ọ̀dájú, ọ̀kan á fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi pé kò rí ọ̀ràn tó wà ní iwájú rẹ̀. Ẹ máa wo ìpéǹpéjú wọn. Tí ọba náà bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, ojú wọn á kéré.

Ẹni tó ń ta páátì mọ́tò yẹn sọ nǹkan kan fún mi tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní ní abúlé tiwọn, kò sí ọba tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó ní àwọn àgbà ló ń jókòó, olúkúlùkù ní ẹnu, ẹni tí ò bá gbà á dìde kó tirẹ̀ lọ ilé. Ó ní àwọn òyìnbó ló fi tipátipá yan olóyè lé ibòmíràn lórí, ìjọba ló sì fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọba ìsinsìnyí ní ìwé ẹ̀rí. Mo ní ọba tí à ń wò nínú sinimá wá ńkọ́, tó ń pàṣẹ kí wọ́n lé èèyàn kúrò nílùú, kí wọ́n so èèyàn mọ́lẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin Yorùbá lẹ ní irú ọba bẹ́ẹ̀, bóyá ọ̀dọ̀ yín ni Olú Jacobs ti gbé e wá. Mo dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé mi kì í sábà dákẹ́. Ìlú Ẹ̀gbá nìkan, ẹ ka ọba ibẹ̀: Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá, Olówu. Ọmọ tó bá jẹ́ ará ibẹ̀ ò níí sọ pé òun ò mọ bí ọba ṣe ń jókòó.

London fún wọn ní aṣọ kọ́sítọ̀ọ̀mù, Amẹ́ríkà fún wọn ní aṣọ ṣójà, Asaba ló fún wọn ní adé. Àwa wá ńkọ́? Tí mo bá fi iye ìgbà tí mo rí wọn lórí ìtẹ́ Ìgwé wé iye ìgbà tí mo rí wọn lórí ìtẹ́ ọba Yorùbá, ojú ń tì mí fún wa. Èmi ò bínú sí àwọn Ìgbò. Wọ́n rí nǹkan dáadáa, wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwa là ń wò ó lórí Africa Magic tí à ń bá ara wa jiyàn pé ará ibo ni.

Àmì ẹ̀yẹ dé. Ní 2007, AMAA fún wọn ní ipò òṣèrékùnrin tó dára jù lọ nítorí Dancing Heart. Ní 2013, AMVCA bu ọlá fún gbogbo iṣẹ́ wọn, AMAA tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Ìjọba fún wọn ní oyè OFR. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí bàbá yìí lè ṣe láìsí adé, kó lọ wo Oloibiri, tó jáde ní 2016. Ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo rọ̀bì tó pọ̀ tó láti tà ní Nàìjíríà lọ́dún 1956 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Olú Jacobs ṣe Timipre, bàbá àgbà ará abúlé, Richard Mofe-Damijo sì ṣe ọkùnrin tó gbé ìbọn. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ẹni tó ń ké "Ìgwé". Ojú bàbá tó ti rí ilẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́ nìkan ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa ní ó sú òun, kò sí ìjà tó pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní kó lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ àìsàn wọn wá. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń wá láti àárọ̀. Ní 2021, irọ́ kan bẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti kú. Brọ̀dá Oníbátìrì ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù, ló bá pariwo rẹ̀ káàkiri ilé, àwọn obìnrin ń sunkún, Bàbá Láńdílọ́ọ̀dù ní kí wọ́n pa rédíò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí wọn ti ní irọ́ ni. Kò mọ síbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún pa wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ dákun, ta ló ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe é?

Ìyàwó wọn ló wá sọ òótọ́ ibẹ̀. Jọkẹ́ Silva bá Chude Jideonwo, olóòtú ètò, sọ̀rọ̀ ní 2021, ó ní àìsàn ọpọlọ kan ló ń ṣe ọkọ òun, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dementia with Lewy bodies. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èròjà kan ló ń kó jọ nínú ọpọlọ, ó ń mú èèyàn gbàgbé nǹkan, ó lè mú kó rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń dí ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́. Robin Williams aláwàdà Amẹ́ríkà, ó ní in, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2014 ni wọ́n tó mọ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè gbọ́, torí kò tíì pé wákàtí kan tí ìyẹn jáde tí ẹnìkan nínú ilé yìí ti ní àfọwọ́fà ni, pé àwọn adé àti dìbíà inú sinimá yẹn ló ń jà. Mo bú u. Bàbá Àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó máa ń bá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ nídìí kànga, ṣé òun náà ṣe Ìgwé ni? Ohun tó wú mi lórí lára Jọkẹ́ Silva ni pé kò fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ì bá ti ilẹ̀kùn, wọn ì bá ní bàbá rìnrìn-àjò. Òun sọ ọ́ ní gbangba, ó sì sọ bó ṣe rẹ òun tó, bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Àwọn obìnrin ilé wa tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ àti ìyá ọkọ, mo rí bí wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Lufodo o! Ọmọ tó ń ṣe bí ọba tí ìyá rẹ̀ bá rán an níṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní tíátà kọ́, nọ́ọ̀sì. Mo ní ẹ jẹ́ kó lọ, ó kéré tán wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n ní kí n mójú tó yàrá mi. Mo ń mójú tó o! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹni tó kó wọlé sí yàrá kẹta lánàá, ta ló mọ̀ ọ́n? Òru ló kó ẹrù rẹ̀ dé, mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta fún èèyàn kan ṣoṣo, ó sì sọ fún Bàbá Láńdílọ́ọ̀dù pé òun ò tíì gbéyàwó. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ohun tí mo rí lára ìlẹ̀kùn rẹ̀.